Bí Wọ́n Ṣe Fi Òtútù Lé Kọ̀ǹpútà Sáré

Kò sí ẹni tí ó ti gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká ka orí itan rí nínú oṣù Ẹrẹ́nà, yálà ní Mowe àti Ibafo tí wọ́n jókòó sí ẹ̀bá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tàbí ní Ifọ̀ níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, tí yóò bá wa jiyàn pé ooru kì í ṣe ọmọ-ìyá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ooru yìí gan-an ló dá eré àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà dúró, àti pé nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá gba kámú, àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n jókòó sí ilé ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ níṣẹ́, ni wọ́n gbé eré náà, tí wọ́n sì gbé e wọ inú òtútù tí yìnyín kò tó fi ṣe ẹlẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ibi tí ooru náà ti ń wá. Púrósẹ́sọ̀, tí í ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, a máa ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀, ìgbésẹ̀ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n sì ń pè ní 1 GHz. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ná iná mànàmáná díẹ̀, gbogbo iná tí a bá sì ná níbẹ̀, ooru ló ń dà. Bí a bá fẹ́ kí ó sáré ju ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí lọ, èyí tí àwọn tó ń ṣe é ń pè ní overclocking, a ní láti fi kún fọ́ltéèjì rẹ̀. Ẹni tó bá sì sọ fọ́ltéèjì di ìlọ́po méjì ti sọ ooru di ìlọ́po mẹ́rin, kí a tó ka eré tí ó fi kún un. Ṣùgbọ́n bí ara ẹ̀rọ náà bá tutù gidigidi, iná tí ń jò lọ lásán nínú rẹ̀ a dín kù, ojú ọ̀nà tí iná ń gbà a sì rọrùn, nítorí náà òtútù ń kó ooru lọ, ó sì tún ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún eré.

Òtútù náà ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọdún 1883, ní ìlú Kraków, àwọn ọmọ Poland méjì, Zygmunt Wróblewski àti Karol Olszewski, sọ náítírójìn di omi, náítírójìn kan náà tí ó kó ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Omi yìí a sì máa hó ní dígírì 196 nísàlẹ̀ òdo. Ní 1892, James Dewar ṣe ìgò olójú méjì tí kò sí afẹ́fẹ́ láàárín rẹ̀ láti tọ́jú irú omi bẹ́ẹ̀, ìgò náà ló sì bí fílásíkì tí àwọn ìyá wa ń bu omi gbígbóná sí. Nígbà tí ó di 1895, Carl von Linde ní Jámánì ti mọ ọ̀nà láti sọ afẹ́fẹ́ di omi lọ́pọ̀ yanturu, ó sì di ohun títà.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi í ṣe ọ̀ràn kọ̀ǹpútà kì í ṣe ọmọdé. Ilé-iṣẹ́ Control Data ní ìpínlẹ̀ Minnesota bí ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ ETA Systems ní 1983, ETA sì ri púrósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà ràgàjì rẹ̀, ETA10, sínú náítírójìn olómi, tí eré rẹ̀ fi di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Florida gba àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1987. Ṣùgbọ́n ọjà kò tà tó, ní oṣù Igbe 1989 ni wọ́n ti ETA pa. Ó yẹ kí a fi ọwọ́ kan èyí náà: ní ọdún kan náà ni Philip Emeagwali, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ wa níhìn-ín, gba ẹ̀bùn Gordon Bell pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ẹ̀rọ tí púrósẹ́sọ̀ kéékèèké 65,536 kóra jọ sí. Ojú ọ̀nà méjèèjì la rí nínú ọdún kan ṣoṣo, kí a mú ẹyọ kan kí a fi òtútù nà án, tàbí kí a kó ọ̀pọ̀ jọ kí wọ́n pín iṣẹ́ ṣe.

Nínú ilé àwọn èèyàn lásán ni ọ̀nà àkọ́kọ́ wá rí ibùgbé. Ilé-iṣẹ́ Kryotech ní South Carolina fi ẹ̀rọ irú ti fíríìjì sínú àpótí kọ̀ǹpútà, ó mú Athlon, púrósẹ́sọ̀ ilé-iṣẹ́ AMD, tutù dé nǹkan bí dígírì 40 nísàlẹ̀ òdo, ó sì gbé e dé 1 GHz ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ẹrẹ́nà ni AMD fúnra rẹ̀ mú èyí tí kò nílò fíríìjì jáde, Intel, orogún rẹ̀, sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 8 oṣù kan náà. Intel ti ṣe ìlérí 4 GHz, ṣùgbọ́n ooru kò gbà, ní oṣù Ọ̀wàrà 2004 ó fagi lé e, ó dúró sí 3.8 GHz, òun àti àwọn yòókù sì kọjú sí kíkó ọ̀pọ̀ ọpọlọ sínú púrósẹ́sọ̀ kan. Àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ kò dúró ní tiwọn, nítorí ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní oṣù Ògún 2011, ní Austin ní ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n fi hílíọ̀mù olómi, tí ń hó ní dígírì 269 nísàlẹ̀ òdo, gbé FX-8150, púrósẹ́sọ̀ AMD tí ilé-iṣẹ́ fi sí 3.6 GHz, dé 8.429 GHz, ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2022 ará Sweden kan tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ sí elmor gbé Core i9-13900K ti Intel kọjá 9 GHz. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n fi irú eré bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà tàbí ṣírò owó. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló máa ń jẹ́, wọ́n sì ń pa púpọ̀ nínú àwọn ọpọlọ inú rẹ̀ kí ìyókù lè rí ọ̀nà sáré.

Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ ló wù mí jù. Wọn a kọ́kọ́ fi Vaseline, èyí tí a fi ń para fún ọmọ nígbà ọyẹ́, kun ojú pátákó inú kọ̀ǹpútà kí omi má bàa kàn án; wọn a gbé ìkòkò bàbà lé púrósẹ́sọ̀ lórí, wọn a máa da náítírójìn sí i díẹ̀díẹ̀, kùrukùru funfun a bolẹ̀. Ọ̀kan wọn a tún mú iná gáàsì dání, nítorí àwọn púrósẹ́sọ̀ kan a máa kọ̀ jálẹ̀ bí òtútù bá ju agbára wọn lọ, wọn a sì ní láti yá ìkòkò náà níná kí wọ́n tó gbà láti jí.

Vaseline yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa ará ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, níbi tí Mowe àti Ibafo wà. Bí ìgò omi tí a mú jáde láti inú fíríìjì ṣe ń làágùn lórí tábìlì ní Ibafo, tí àbàtà odò Ògùn kò jìnnà sí, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ṣe máa rọ̀ sára ìkòkò tí ó wà ní dígírì 196 nísàlẹ̀ òdo, kìkì pé èyí yóò kọ́kọ́ di yìnyín, yóò sì yọ́ sí ojú ọ̀nà iná mànàmáná. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Rírí náítírójìn rà kọ́ ni ìṣòro tó ga jù. Àwọn ilé ìwòsàn tí ń bá tọkọtaya tọ́jú ọlẹ̀ ń lò ó ní orílẹ̀-èdè wa. Afẹ́fẹ́ wa tí omi kún inú rẹ̀ ni ìṣòro náà, àti yàrá há-há tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí lítà kan omi náítírójìn a máa di nǹkan bí 700 lítà afẹ́fẹ́, tí kò ní òórùn, tí yóò lé afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú kúrò kí ẹni inú yàrá tó fura.

Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ Mowe bá dá ìdíje irú eré yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, èrò tèmi ni pé oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni kí wọ́n mú, nígbà tí ọyẹ́ bá ti fa omi inú afẹ́fẹ́ gbẹ, kí wọ́n sì ṣe é ní ìta gbangba. Títí di ìgbà náà, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gbóná lè gbé e tọ àwọn tó ń tún un ṣe lọ, kí wọ́n gbá eruku inú fáànù rẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ ìpara tí ó gbẹ lórí púrósẹ́sọ̀ rẹ̀.