Rọ́bà Ló Mú Un, Kì í Ṣe Irin

Ọmọ iṣẹ́ náà ti pé lábẹ́ ọkọ̀ Micra kan kó tó yọrí jáde, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá. Ìsàlẹ̀ òkè Mápó n'Ìbàdàn ni, lápá Bẹẹrẹ, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ díẹ̀. "Ọ̀gá, fítà ọ́ìlì yìí ò tú o." Ọ̀gá rẹ̀ ò bá a wí. Ó kàn bi í léèrè pé, "Ta ló dè é nígbà tá a ṣe sáfíìsì rẹ̀ kẹ́yìn?" Ọmọ náà wolẹ̀. "Èmi ni, sà."

Èmi tí mo jókòó sórí táyà níbẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ ti parí. Fítà tó le lónìí, ọjọ́ tí wọ́n dè é ló ti ń le bọ̀.

Bí ẹ bá ra fítà tuntun ní Àràròmí, l'Agodi Gate, ẹ dojú rẹ̀ sókè kí ẹ wò ó. Agolo ni, kò sì nípọn. Bébà tí wọ́n ṣẹ́ léraléra bí ìṣẹ́po gèlè ló kún inú rẹ̀. Ihò ńlá kan wà láàárín tí wọ́n fín ìlà sí nínú, ihò wẹ́wẹ́ sì yí i ká. Pọ́ńpù á ti ọ́ìlì gba ihò wẹ́wẹ́ wọlé, ọ́ìlì á la bébà kọjá, ìdọ̀tí á kù sẹ́yìn, èyí tó mọ́ á gba ihò àárín padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ìdọ̀tí bá dí bébà pa, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan á ṣí kí ẹ́ńjìnnì má baà gbẹ, ọ́ìlì ẹlẹ́gbin á wá máa kọjá bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí dírẹ́bà tó ń sún sáfíìsì síwájú fi ń rò pé nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀ òun.

Ọdún 1923 ni Ernest Sweetland àti George Greenhalgh gbé fítà ọ́ìlì ọkọ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè é ní Purolator. Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lókè orí wa yìí ò tíì dúró nígbà náà. 1929 ni wọ́n ṣí i. Fítà tá a ń yí bí ọmọrí ìgò dé lẹ́yìn ìyẹn, láwọn ọdún 1950.

Bí fítà bá há, kì í sábà jẹ́ ìlà inú irin ló mú un. Rọ́bà kan wà létí rẹ̀ bí òrùka, òun ló ń dí ọ́ìlì mọ́lé. Ẹ wo Micra tó kún fún èrò, tó ń gun òkè láti Ọjà'ba nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ: ooru ń se rọ́bà yẹn láàárọ̀, ó ń sè é lálẹ́. Á wú, á gan, á lẹ̀ mọ́ irin bí ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Bí wọn ò bá fọ́ìlì pa á lára kí wọ́n tó dè é, tàbí tí wọ́n firin fún un, ó di wàhálà.

Ọ̀gá ní kí wọ́n ta ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí rọ́bà lè rọ̀. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má jóni. Wọ́n pa á, wọ́n nu agolo náà gbẹ, ọmọ náà fi sáńpépà dì í mú, ó yí i. Kò mì. Ó tún yí i, ni mo bá rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí i sí! Èèyàn tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kì í pẹ́ ṣì òsì mú fún ọ̀tún; fítà tí wọ́n ń bú pé ó lágídí, àwọn gan-an ló ń dè é sí i. Ọ̀gá wá mú bẹ́líìtì fáànù tó ti gbó, ó fi kọ́ fítà nítòsí ìdí, níbi tí agolo ti le jù, ó fi ọ̀pá irin lọ́ etí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sósì. Bó ṣe ń yí ni bẹ́líìtì ń fún mọ́ ọn. Ó dún *kẹ̀ẹ̀*.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn ò fi sukudiráfà gún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Agolo á kàn fàya ni, rọ́bà ò sì ní yẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti gún fítà rẹ̀ ò tún lè kúrò lójú kan mọ́. Bí kò bá sì sí ọgbọ́n míì, kí wọ́n má gún un sún mọ́ ìdí jù, torí irin kékeré tí fítà ń dé mọ́ yọ wá láti ara ẹ́ńjìnnì síbẹ̀; bí sukudiráfà bá bà á jẹ́, owó rẹ̀ kì í ṣe owó fítà mọ́.

Fítà bọ́, àmọ́ rọ́bà ò bá a bọ́. Ó lẹ̀ pẹ́ẹ́ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, òrùka dúdú tí ojú ò tètè rí. Ọmọ náà ti na ọwọ́ sí tuntun nígbà tí ọ̀gá gbá a lọ́wọ́ mú. Bí rọ́bà méjì bá pàdé níbẹ̀, agbára pọ́ńpù á tu ọ́ìlì dànù kí ọkọ̀ tó dé Ọjà'ba. Wọ́n fi èékánná bó ti àtijọ́, wọ́n fi àkísà nu ojú rẹ̀, wọ́n fọ́ìlì pa tuntun létí. Nígbà tó kan irin, ọmọ náà fi ọwọ́ lásán fún un ní ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ìyípo kan. Ó wá ń wá ọ̀pá irin kiri láti fi kún un díẹ̀ sí i. Ọ̀gá ti fi ìdí tẹ̀ ẹ́.