Kí ló dé tí àwòrán ilé fi ń ní àlàfo tó bá kúrò nínú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn?

Ní Plateau, nílùú Abidjan, ni ilé gogoro Tour F wà. Pierre Fakhoury ló ya àwòrán rẹ̀, ó sì fi jọ ìbòjú ìbílẹ̀ Áfíríkà.

Nínú irú iṣẹ́ báyìí, ayàwòrán ilé àti àwọn tó ń gé gíláàsì lè má lo sọ́fítíwíà kan náà. Wọ́n lè fi fáìlì STEP tàbí IGES ránṣẹ́ síra wọn. Ìrísí ara ilé á dé, àmọ́ ìgbésẹ̀ tí wọ́n fi yà á kì í sábà bá a dé. Nígbà míì, etí ojú méjì kì í kanra, àlàfo bíńtín á wà láàárín wọn, kọ̀ǹpútà kò sì ní rí i bí odindi.

Wọ́n á wá àlàfo náà, wọ́n á sì rán an pọ̀ bí aṣọ. Tó bá fẹ̀ jù, ó sàn kí wọ́n tún ibẹ̀ yà: ẹni tó bá fi tipátipá rán an lè gé gíláàsì tí kò ní wọ àyè rẹ̀.