Oorun Ẹ̀rọ àti Oorun Àwo: Àlàyé lórí Ìṣòro Kọ̀ǹpútà Àgbéletan lábẹ́ Linux

Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó ń tòògbé kì í ṣe ẹni tí ó ti sùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó sùn lásán yàtọ̀ sí ẹni tí ó sun oorun àsùnwọra. Ìyàtọ̀ yìí wúlò gidigidi fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí kọ̀ǹpútà àgbéletan tí ń lo Linux fi kọ̀ láti sùn, tàbí tí ó fi sùn tí kò jí mọ́. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ìsinmi ẹ̀rọ, ibi tí àrùn kò sí ni a ó máa lẹ oògùn mọ́. Iṣẹ́ tí a kò tíì pamọ́ lè ṣègbé; àwo ìpamọ́ pàápàá lè gbó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ilẹ̀ Finland ní 1991. Ìlànà Unix ni ó tẹ̀ lé, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. Apá rẹ̀ tí ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ ni a lè pè ní ekùrọ́, nítorí pé inú lọ́hùn-ún ni ó wà, bí ekùrọ́ ti ń bẹ nínú ẹyìn. Iyè ẹ̀rọ ni ibi tí iṣẹ́ tí ń lọ lọ́wọ́ wà. Bí iná bá kúrò lára rẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ nù. Àwo ìpamọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí a kọ sí i kì í nù bí iná tilẹ̀ kúrò.

Oríṣi mẹ́ta pàtàkì ni ìsinmi ẹ̀rọ:

(i) Ìtòògbé: iṣẹ́ dúró, àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sì dín iná tí wọ́n ń jẹ kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò kú.

(ii) Oorun: iná kúrò lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, ó sì ṣẹ́ kù fún iyè.

(iii) Oorun àsùnwọra: ekùrọ́ kọ ohun tí ó wà nínú iyè sórí àwo ìpamọ́, ẹ̀rọ sì kú.

Nínú fáìlì /sys/power/mem_sleep, s2idle ni ìtòògbé, deep sì ni oorun. Èyí tí ó wà láàrin àkámọ́ ni ẹ̀rọ ń lò. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ní deep. Nítorí náà, bí bátìrì bá ń tán lóru nígbà tí oníkọ̀ǹpútà rò pé ẹ̀rọ ń sùn, ó lè jẹ́ pé ó kàn ń tòògbé ni.

Kí ẹ̀rọ tó sùn, ekùrọ́ a kọ́kọ́ dá gbogbo ètò dúró, lẹ́yìn náà ni yóò mú àwọn ẹ̀yà sinmi. Bí ètò kan bá kọ̀ láti dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, ekùrọ́ a jáwọ́, ẹ̀rọ kò sì ní sùn. Orúkọ ètò náà yóò hàn nínú àkọsílẹ̀ tí àṣẹ dmesg ń gbé jáde. Bí ẹ̀rọ bá sùn tí kò jí, kí a tún un tàn, kí a sì fi journalctl -b -1 ka àkọsílẹ̀ ìgbà tí ó kọjá. Ọ̀pọ̀ ekùrọ́ tún ní fáìlì /sys/power/pm_test fún ìdánwò. Bí a bá kọ freezer sí i, ìdádúró ètò nìkan ni a dán wò. Bí a bá kọ devices, ìsinmi àwọn ẹ̀yà kún un. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5, ẹ̀rọ yóò jí fúnra rẹ̀. Ìpele tí ó bá ti kùnà ni kí a wá ẹ̀bi sí. Bí ìdánwò bá parí, kí a kọ none padà síbẹ̀.

Ohun méjì ni oorun àsùnwọra ń béèrè: ààyè tí ó tó lórí àwo fún ohun tí ó wà nínú iyè, àti ìtọ́sọ́nà tí yóò sọ ibi tí ààyè náà wà fún ekùrọ́ nígbà tí ó bá ń jí. Bí èkejì bá kù, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ àná.

Àwo ìpamọ́ tí ń yí ní oorun tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dẹ̀, orí tí ń kà tí ó sì ń kọ a kúrò lójú àwo, a sì gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ àwo àgbéletan ni a ṣe fún ìgúnlẹ̀ 300,000 tàbí 600,000. Bí orí bá ń gúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí 8 lójúmọ́, ìgúnlẹ̀ 960 ni lójoojúmọ́. 300,000 yóò pé kí ọdún tó yí po. Ọ̀rọ̀ yìí mú kí àwọn tí ń lo Ubuntu ké gbàjarè ní 2007. Nínú ohun tí smartctl -A ń fi hàn, ìlà 193 ni iye ìgúnlẹ̀ wà. Àṣẹ hdparm -B 254 ń dín in kù lórí ọ̀pọ̀ àwo.

Ibí ni oorun méjèèjì ti pàdé. Ọ̀pọ̀ àwo ni kì í rántí àṣẹ yìí bí iná bá ti kúrò lára wọn. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá sùn tí ó sì jí, àwo a padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́, oníkọ̀ǹpútà a sì rò pé àṣẹ náà kò ṣiṣẹ́ rárá. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi ètò kékeré kan sínú /usr/lib/systemd/system-sleep, kí ó máa tún àṣẹ náà pa nígbàkigbà tí ẹ̀rọ bá jí. Àwo tí kì í yí kò ní orí tí ń gúnlẹ̀, ìṣòro yìí kò sì kàn án.

Ṣùgbọ́n bí iye tí ó wà ní ìlà 5 tàbí 197 bá ń pọ̀ sí i, ojú àwo ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Kí a kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ kọ sí ibòmíràn kí a tó dán ohunkóhun wò, kí a má sì fi oorun àsùnwọra lé irú àwo bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni orúkọ tí ó péye ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti bi ẹ̀rọ: ẹ̀rọ ni ó sùn ni, tàbí àwo? Níbo ni ohun tí ó wà nínú iyè wà nígbà tí ó sùn? Kí ni ó ti gbàgbé nígbà tí ó jí? Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ibi tí àtúnṣe yóò ti bẹ̀rẹ̀.