Ohun tí Ó Ń Mú kí Òkè Ya Lulẹ̀

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent, lẹ́bàá ìlú Freetown, ní ilẹ̀ tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,000. Regent kì í ṣe àjèjì sí Ìjọ. Ọ̀kan ni nínú àwọn abúlé tí a tẹ̀ dó fún àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Bathurst, níbi tí a mú ọ̀dọ́mọkùnrin Àjàyí lọ ní ọdún 1822, kí ó tó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, wà lórí àwọn òkè kan náà.

Àwọn kan a máa yára sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ó fa irú àjálù bẹ́ẹ̀. Àwa kò fara mọ́ ọn. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ̀ láti ka àwọn tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó lù sí ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ìwúwo ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ń fà á wálẹ̀ nígbà gbogbo. Ohun tí ó dì í mú ni bí erùpẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, àti gbòǹgbò igi. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, omi a kún àlàfo inú erùpẹ̀, ilẹ̀ a wúwo sí i, omi náà a sì máa ti erùpẹ̀ kúrò lára ara wọn títí ìdìmú wọn yóò fi dẹ̀. Ìsẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú lè jì í kúrò ní ipò. Ní Freetown, òjò tí ó rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí wọ́n máa ń rí. Ṣùgbọ́n kí òjò náà tó dé, a ti gé igbó orí òkè, a sì ti gbẹ́ ara rẹ̀ láti kọ́ ilé. Òjò nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi.

Òkè kì í sì í ya lọ́nà kan ṣoṣo. Àpáta lè já láti òkè gíga. Odidi ilẹ̀ lè yọ̀ wálẹ̀ tigi-tilé. Òmíràn ń rá díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó fi jẹ́ pé òpó ọgbà tí ó wọ́ nìkan ni a ó fi mọ̀. Èyí tí ó léwu jù ni ẹrẹ̀ tí ó ń ṣàn, tí ó gbé òkúta àti ìtì igi, tí ó sì ń tọ ipa odò lọ. Ẹrẹ̀ ti Regent ṣàn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà títí dé ìhà etíkun ní Lumley, ó sì ba ilé àwọn tí kò gbé orí òkè rárá jẹ́. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ tí ó ya a dí odò; omi a gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀, a sì já lójijì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà, nítorí a fẹ́ràn orí òkè fún àdúrà, ilẹ̀ ẹsẹ̀ òkè àti etí odò sì sábà máa ń dínwó. A ti rí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tí ó fi oṣù púpọ̀ jiyàn lórí bí pẹpẹ yóò ti rí, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ibi tí omi òjò yóò gbà. Kí ẹ̀yin àlùfáà àti ìgbìmọ̀ ìjọ máa ṣọ́ ilẹ̀ tí ó sán, igi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà sí ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn tí kò ṣe é tì mọ́, àti odò tí omi rẹ̀ ṣàdédé fà nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn lákòókò òjò ńlá, ẹ kó àwọn ènìyàn jáde lóru ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣe tọ àfonífojì lọ. Ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kúrò ní ipa odò.