Ẹ̀rọ Tí Ń Fi Agbára Omi Fọ Nǹkan: Èló Ni Kí Ọmọ Wa Gbà?



Ẹni tí ó bá gba títì Kútọnu wá sí ẹnubodè Kraké yóò rí i pé ìdọ̀tí kò lè tán níbẹ̀. Kàmíọ̀n tí ń lọ sí Èkó, takisí, ọ̀kadà àwọn zémìjàn, gbogbo wọn ni ẹrẹ̀ pupa, yanrìn àti iyọ̀ òkun ń bá jà. Ní àsìkò òjò ẹ̀wẹ̀, ògiri ilé a dúdú, ohun aláwọ̀ ewé a sì máa hù lára bíríkì. Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ ń ra ẹ̀rọ tí ń tú omi jáde pẹ̀lú agbára, èyí tí àwa tí a kàwé Faransé ń pè ní Karcher. Orúkọ Alfred Kärcher ni, ará Jámánì tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ń lo omi gbígbóná jáde ní ọdún 1950.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra ọ̀kan. Owó àjọ tí ìyá rẹ̀ dá fún ọdún méjì ni wọ́n fi rà á. Ní oṣù kẹta, ó wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ kò dán rárá. Ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí jò, kò sì ní owó àtúnṣe. Ó ní: «Tọ́ńtọ̀n, mo ń fọ ọkọ̀ márùn-ún lójúmọ́, owó oúnjẹ nìkan ni mo ń rí. Ta ni ń jí mi lówó?» Mo ní kí ó jókòó, kí ó mú ìwé àti bírò wá. Kò sí olè kankan níbẹ̀. Iye tí ó ń gbà ni olè náà.

Ohun tí ìwé sọ

Ó ti wo aládùúgbò kan tí ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àkísà fọ ọkọ̀ ní 1,000 fránkì, ó sì dá 800 lé tirẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò yẹn kò ra ẹ́sáǹsì, kò sì ní ẹ̀rọ tí yóò gbó. A kọ ìnáwó ọkọ̀ kékeré kan sílẹ̀: ẹ́sáǹsì 300, omi 100, ọṣẹ 150, owó ilẹ̀ tí ó háyà 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 700. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní 100 ni èrè òun. Mo bi í pé: «Ẹ̀rọ ńkọ́?» 180,000 ni wọ́n ra ẹ̀rọ náà. Bí ó bá fọ ọkọ̀ 900 kí ó tó kú, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jẹ 200 lára rẹ̀. 700 àti 200 jẹ́ 900. Ẹni tí ó gba 800 ti pàdánù 100, a kò sì tí ì ka òógùn ojú rẹ̀. Ọkọ̀ márùn-ún lójúmọ́ jẹ́ àdánù 500. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i ni owó àjọ ìyá rẹ̀ ń yọ́.

Iye owó lè yàtọ̀ lọ́dọ̀ tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò náà kò yàtọ̀. Ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ kan ń jẹ, ẹ fi ìpín ẹ̀rọ lé e, kí ẹ wá fi owó iṣẹ́ ọwọ́ yín kún un. Bí ọmọ yìí bá fẹ́ mú 4,000 délé lẹ́yìn ọkọ̀ márùn-ún, 800 ni yóò fi lé 900. Ó di 1,700.

Ẹ ó sọ pé oníbàárà kò ní san 1,700 nígbà tí alábọ́kẹ́ẹ̀tì ń gba 1,000. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà kí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ má ṣe bá alábọ́kẹ́ẹ̀tì du ọkọ̀ tí eruku lásán wà lára rẹ̀. Ibi tí bọ́kẹ́ẹ̀tì kò dé ni kí ó lọ: abẹ́ ọkọ̀ tí iyọ̀ òkun ń jẹ, kàmíọ̀n ẹlẹ́rẹ̀, ògiri àti àgbàlá. Nígbà tí oníbàárà kan sọ fún un pé: «Àbúrò, o ti gbówó lórí jù,» ó dáhùn pé: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fọ abẹ́ rẹ̀ fún yín ná, kí ẹ wò ó.» Ọkùnrin náà wò ó, ó sì san án.

Ògiri àti àgbàlá

A kì í dá iye lé ògiri lórí tẹlifóònù. Ẹ lọ wò ó. Ògiri tí ó gùn ní mítà 20, tí ó ga ní mítà 2 àbọ̀, jẹ́ mítà 50 ní ìbú àti òró. Ẹ fọ mítà kan wò, kí ẹ wo aago. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú méjì, gbogbo rẹ̀ yóò gba 100 ìṣẹ́jú. Bí ẹ̀rọ bá ń mu lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 800 nìyẹn, àgbá ńlá mẹ́rin. Ta ni yóò san owó omi? Ẹ béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tóbi, ẹ gba ìdajì owó sílẹ̀.

Ní ẹnubodè, ọ̀pọ̀ ń san náírà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 náírà jábọ́ gan-an, ṣùgbọ́n fránkì wa so mọ́ yúrò ní 655.957. Ẹ sọ iye yín ní fránkì, kí ẹ ṣírò náírà ní ọjọ́ ìsanwó. Bákan náà, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo gbówó lórí lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ́sáǹsì bá gòkè, ẹ tún ìwé yín ṣí.

Bí a ti ń ṣe é

Omi ẹ̀rọ inú ilé kì í sábà ju báà 4 lọ. Ti ẹ̀rọ yìí lè dé báà 100 sí 150. Kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Bí ó bá kan ara, ó lè gba awọ wọlé. Ojú ọgbẹ́ a kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, inú a sì ti bàjẹ́: ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti awò ojú, kí ọmọdé má sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ ẹ́sáǹsì nínú yàrá, èéfín rẹ̀ ń pani.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá oníbàárà yí ọkọ̀ ká, kí ẹ fi ibi tí ó ti ya tẹ́lẹ̀ hàn án. Ẹ má ṣe fọ ọkọ̀ tí oòrùn ti mú gbóná, ọṣẹ yóò gbẹ lára rẹ̀. Omi lásán ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí yanrìn lè kúrò kí kànìnkànìn tó kan kíkùn. Ẹ fi tó ìdajì apá jìnnà sí kíkùn àti táyà, kí ẹ má sì tú omi sí ojú wáyà tàbí rádíétọ̀. Lára ògiri, ìsàlẹ̀ ni a ti ń fi ọṣẹ lọ sókè, òkè ni a sì ti ń ṣan án wá sílẹ̀.

Omi kànga wa ní yanrìn nínú, yanrìn a sì máa jẹ pọ́ǹpù. Àṣẹ́ tí ó gbó ni ó mú kí ẹ̀rọ ọmọ wa máa jò. Ẹ fọ àṣẹ́ lójoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láìsí omi. Ilẹ̀ Kraké jẹ́ yanrìn, omi kànga kò jìnnà sísàlẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò tí yóò gba epo dúdú, kí ó má baà lọ sínú omi tí aládùúgbò ń mu.

Ohun kan kù: ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ óò kọ̀. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé kọ́ ṣì dúró, amọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú ògiri wọn. Omi alágbára yóò gé e bí ọ̀bẹ. Ní ọdún 1998 sí 1999, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Kärcher fọ àwọn òpó 284 tí ó yí gbàgede Pétérù Mímọ́ ká ní Róòmù, agbára díẹ̀ ni wọ́n lò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ mẹ́ta péré ni ó ń fọ ní ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n ó ń wá ògiri fọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé kàmíọ̀n nìkan jìyà. Lójoojúmọ́ ó ń yọ 200 ẹ̀rọ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú kóló, ìyá rẹ̀ ni ó sì ń pa kóló mọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń ra ẹ̀rọ fún ọmọ, ẹ ra ìwé kékeré kan àti bírò mọ́ ọn.