Dídá Ìpínlẹ̀ Sílẹ̀ àti Ipò Àwọn Ẹ̀yà Kéékèèké nínú Ètò Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà

Ìfáàrà

Ètò ìjọba àpapọ̀ ni ètò ìṣèlú tí ìwé òfin ti pín agbára láàrin ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, tí ọ̀kan kò fi ní lè gba agbára èkejì bó ṣe wù ú. Orílẹ̀-èdè tí èdè àti àṣà rẹ̀ pọ̀ sábà máa ń yàn án kí ẹ̀yà ńlá má baà gbé ẹ̀yà kékeré mì. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ibi tí dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ti bá èrò náà mu ní Nàìjíríà, àti ibi tí ó kù sí.

Ẹ̀rù Àwọn Ẹ̀yà Kéékèèké

Nígbà tí òfin ọdún 1954 fi ètò yìí lélẹ̀, ẹkùn mẹ́ta ni ó wà: Haúsá àti Fúlàní ló lágbára jù ní Àríwá, Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn, Ìgbò ní Ìlà-Oòrùn. Àwọn Tífì, Ẹ̀dó, Ìbíbíò, Ìjọ àti ọ̀pọ̀ mìíràn ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá lọ tán, ọ̀gá mìíràn ni àwọn yóò tún máa sìn. Ní 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ Henry Willink dìde láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìròyìn ìgbìmọ̀ náà ní 1958 gbà pé ẹ̀rù yìí kì í ṣe àròsọ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ sí ìpínlẹ̀ tuntun. Ó dábàá pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin.

Bí Ìpínlẹ̀ Ṣe Ń Pọ̀ Sí I

Lẹ́yìn òmìnira, Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn nìkan ni wọ́n dá sílẹ̀, ní 1963. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé kù sí dẹ̀dẹ̀, Yakubu Gowon pín ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìpínlẹ̀ 12. Wọ́n di 19 ní 1976, 21 ní 1987, 30 ní 1991 àti 36 ní 1996.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí kò lóhùn tẹ́lẹ̀ wá ní gómìnà àti ilé aṣòfin tiwọn. Ìwé òfin ọdún 1979 fi ìlànà ìpínkárí kún un, kí ipò ìjọba má baà wà lọ́wọ́ ẹ̀yà díẹ̀. Ti ọdún 1999 pa á láṣẹ pé kí mínísítà, ó kéré tán ẹnì kan, wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀.

Ọmọ Bíbí àti Olùgbé

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pín in ni ẹ̀yà kékeré tuntun ń yọ jáde. Yorùbá tó pọ̀ jù ní Ọ̀yọ́ jẹ́ ẹ̀yà kékeré ní Kogí, níbi tí àwọn Òkun wà láti 1991. Bẹ́ẹ̀ ni Ègùn rí ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti Ìjọ Àrógbò ní Oǹdó.

Ti ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe ti baba rẹ̀ tún le ju èyí lọ. Abala 318 ìwé òfin 1999 fi òbí tàbí òbí àgbà díwọ̀n ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan. Nítorí náà, ọmọ tí wọ́n bí sí Jos, tí òbí rẹ̀ àti àwọn òbí wọn jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ Plateau lójú òfin, bó ti wù kí owó orí tó ń san níbẹ̀ pọ̀ tó. Abala 42 lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ó wà ní orí kejì, èyí tí ìwé òfin kan náà kò gbà kí ilé ẹjọ́ fipá múni tẹ̀ lé. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó jẹ́ onílẹ̀ wà lára ohun tó fa rògbòdìyàn tó gba ẹ̀mí púpọ̀ ní Jos ní 2001 àti 2008.

Àgbálọgbábọ̀

Bí ìpínlẹ̀ tilẹ̀ di ọgọ́rùn-ún, kò sí èyí tí irú ènìyàn kan ṣoṣo yóò máa gbé. Ìpínlẹ̀ lè dín ìjẹgàba ẹ̀yà ńlá kù; ẹ̀tọ́ olùgbé tí ilé ẹjọ́ lè dáàbò bò ló lè mú kí àlejò àná di ará ilé. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní orúkọ ìpínlẹ̀ 36 ní láti kọ́ ọ pẹ̀lú pé ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ tó jókòó tì í ní kíláàsì, ibi yòówù kí baba rẹ̀ ti wá. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.