Jágúà, Ìbátan Ẹkùn ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá rí àwòrán jágúà yóò ní ẹkùn ilẹ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Nínú àwọn òrùka dúdú ara rẹ̀ ni ẹ ó ti rí àmì tóótòòtó, èyí tí ẹkùn kì í sábà ní. Orí jágúà tóbi ju ti ẹkùn lọ, ìrù rẹ̀ sì kúrú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló ń gbé, láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà.

Àwọn àgbà ní, yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ti jágúà. Kì í lé ẹran lọ jìnnà. Ńṣe ló ń lúgọ, tí yóò sì bẹ́ mọ́ ọn lójijì. Ó lè gé agbárí ẹran jẹ títí eyín rẹ̀ yóò fi kan ọpọlọ, ó sì ń fọ́ igbá ahun. Kò bẹ̀rù omi rárá. Ní Pantanal, ilẹ̀ àbàtà ńlá ní Bùràsíìlì, inú odò ló ti ń mú ọ̀nì. Akọ ibẹ̀ a máa wọ̀n ju 100 kílò lọ.

Ìyá nìkan ló ń tọ́ ọmọ. Lẹ́yìn oyún nǹkan bí 100 ọjọ́, méjì ló sábà ń bí. Àwọn ọmọ náà yóò tẹ̀ lé e tó ọdún kan àbọ̀ sí méjì kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ ọdẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá pa ìyá ọlọ́mọ kéékèèké, gbogbo ìdílé náà ló pa.

Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n pa púpọ̀ nínú wọn nítorí awọ, kí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tó dí ọjà náà ní 1975. Síbẹ̀, igbó ń tán, àwọn ọlọ́sìn sì ń yìnbọn fún un nítorí màlúù wọn. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá, màlúù ni ọrọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní Pantanal, àwọn kan nínú wọn ti ń rí owó lọ́wọ́ àlejò tó ń wá wo jágúà.

Jágúà ti tán ní Uruguay àti El Salvador. Ní Iberá, ní Ajẹntínà, ó tó 70 ọdún tí a kò rí i mọ́. Ní January 2021, wọ́n tú ìyá kan, Mariua, àti ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀ sínú igbó náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni jágúà tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ń fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ọmọ, ẹ sọ èyí náà fún wọn: ìbọn kan ló ń pa á, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni a fi ń wá a padà.